Kí ni èsì ilé ìwé girama ìlú kékeré ní Amẹ́ríkà ń sọ gan-an?

Kò ṣàjèjì mọ́ kí iṣẹ́ gbé dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọmọ Yorùbá lọ sí ìlú kékeré kan ní ìgbèríko Amẹ́ríkà, ìlú tí àwọn ará ilé kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ti àwọn dókítà tilẹ̀ ní òfin nínú. Láti ọdún 1994 ni ètò kan ti wà tí wọ́n ń pè ní Conrad 30, orúkọ sẹ́nétọ̀ kan láti North Dakota ni wọ́n fi sọ ọ́. Dókítà tó fi físà J-1 wá kọ́ṣẹ́ sí i, tó yẹ kó padà sílé fún ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀kọ́ rẹ̀, lè dúró bó bá gbà láti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta níbi tí dókítà ti wọ́n. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè gba 30 irú wọn lọ́dún. Ibi tí dókítà sì ti wọ́n, ìgbèríko pọ̀ nínú rẹ̀.

Bí iṣẹ́ bá ti dájú, ọ̀rọ̀ ilé ìwé àwọn ọmọ ló kàn. Ní ìlú ńlá, òbí lè máa ṣà. Ní ìlú kékeré, ilé ìwé girama ti ìjọba kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà, ọmọ adájọ́ àti ọmọ awakọ̀ ni wọ́n jọ ń lọ síbẹ̀. Ẹ wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì láti yẹ̀ ẹ́ wò. Zillow, níbi táwọn èèyàn ti ń wá ilé, ti gba nọ́ńbà kan lọ́wọ́ GreatSchools, àjọ kan tó ń fún ilé ìwé ní máàkì láti 1 dé 10, ó sì ti gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilé tí ẹ fẹ́ yá: ilé ìwé girama, 4 nínú 10. Àyà á já. Àwọn mìíràn á pinnu pé kí àwọn ọmọ dúró sí ìlú ńlá, kí ọ̀kan nínú àwọn òbí máa rìnrìn àjò wá sílé lópin ọ̀sẹ̀. Èmi gbà pé kò yẹ kí ìdílé kankan pín sí méjì nítorí nọ́ńbà tí ẹnì kan kò jókòó ṣàlàyé fún wọn. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níbí nìyẹn.

Ibi tí nọ́ńbà náà ti ń wá

Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kọ́ ló ń pinnu ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ. Ìpínlẹ̀ àti ìlú ló ni iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1965 ni owó ìjọba àpapọ̀ ti ń wọ ilé ìwé tí ọmọ aláìní pọ̀ sí, òfin sì ń tẹ̀ lé owó lọ. Ààrẹ Lyndon Johnson ló fọwọ́ sí òfin àkọ́kọ́ yẹn. Ó mọ̀ọ́mọ̀ lọ fọwọ́ sí i níwájú ilé ìwé ìgbèríko tó lọ nígbà èwe rẹ̀ ní Texas, olùkọ́ tó kọ́kọ́ kọ́ ọ ní ìwé sì jókòó tì í. Ní ọdún 2002, George W. Bush fọwọ́ sí èyí tó sọ ìdánwò ọdọọdún di dandan. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, Barack Obama fọwọ́ sí èyí tó rọ́pò rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ESSA.

ESSA ní kí gbogbo ọmọ tó wà ní kíláàsì kẹta títí dé ìkẹjọ máa ṣe ìdánwò ìwé kíkà àti ìṣirò lọ́dọọdún. Tó bá di ilé ìwé girama, ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Nítorí náà, bí ẹ bá kà á pé ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún ló yege nínú ìṣirò ní ilé ìwé kan, ẹ má ṣe rò pé gbogbo ilé ìwé ni wọ́n kó jọ tí wọ́n dán wò. Ó lè jẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì kọkànlá nìkan, ní sáà kan, ní ọjọ́ kan tàbí méjì. Ní ìlú kékeré, gbogbo wọn lè má ju ogún sí ọgbọ̀n ọmọ lọ.

Ohun kejì ni pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń yan ìdánwò tirẹ̀, òun náà ló sì ń fa ilà tí ọmọ gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó kà á mọ́ àwọn tó yege. Ìpínlẹ̀ kan lè fa ilà náà sókè, kí èyí tó bá a pààlà fà á sí ìsàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí GreatSchools fi ń fi ilé ìwé wé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìpínlẹ̀ kan náà. Máàkì 4 túmọ̀ sí pé àárín àwọn ilé ìwé ìpínlẹ̀ yẹn ga ju ti ilé ìwé yìí lọ. Kò sọ ohunkóhun nípa ìpínlẹ̀ mìíràn. Ẹni tó ń kúrò ní Massachusetts lọ sí Mississippi kò lè fi 7 ibi kan wé 7 ibì kejì. Ìdánwò kan wà tó jẹ́ ọ̀kan náà káàkiri orílẹ̀-èdè, NAEP ni wọ́n ń pè é, ó sì ti wà láti ọdún 1969. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ díẹ̀ tí wọ́n ṣà jọ ni wọ́n ń dán wò níbẹ̀, kì í sì í gbé èsì ilé ìwé kan ṣoṣo jáde.

Ọmọ mélòó ni wọ́n kà?

Bí ẹ bá máa mú ìbéèrè kan ṣoṣo kúrò nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí, èyí ni kí ẹ mú. Òun ló ṣókùnkùn jù sí ọ̀pọ̀ òbí, òun náà ló sì ń dá ọkàn wọn láàmú jù láìnídìí.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé ìwé méjì ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀kan ní ọmọ 600 nínú kíláàsì tó ń ṣe ìdánwò, èkejì ní 24. Ká ní ẹ̀kọ́ dọ́gba níbi méjèèjì: ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní 80 nínú ọgọ́rùn-ún láti yege. Ní ilé ìwé ńlá, èsì tó máa jáde ní ọ̀pọ̀ ọdún yóò wà láàárín 77 sí 83. Ní ilé ìwé kékeré, yóò wà láàárín 64 sí 96. Olùkọ́ kankan kò yí padà, ìwé tí wọ́n ń lò kò yí padà, àwọn ọmọ kò sì di ọ̀lẹ lójijì. Bó ṣe rí náà ni téèyàn bá ju owó ẹyọ sókè nígbà mẹ́rin: kò ṣòro kí orí jáde lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ jù ú nígbà ọgọ́rùn-ún, kò ní ṣeé ṣe kí orí jáde ní gbogbo ìgbà náà.

Ẹ wá wo ohun tí èyí ń fà. Lọ́dún kan, ilé ìwé kékeré náà á gba 96, àwọn ará ìlú á yọ̀, ọ̀gá ilé ìwé á gba ìyìn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, á gba 64, ìwé ìròyìn á kọ ọ́ pé ilé ìwé ti wó, àwọn kan á ní kí ọ̀gá náà lọ. Ẹni tó bá dé ìlú lọ́dún àkọ́kọ́ á ní ilé ìwé yìí dára púpọ̀. Ẹni tó bá dé lọ́dún kejì á sá. Ilé ìwé kan náà ni.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò ti mọ èyí tipẹ́. Ní ọdún 2007, Howard Wainer kọ nípa rẹ̀, ó sì fi àrùn jẹjẹrẹ kíndìnrín ṣàlàyé. Tí ẹ bá wo àwọn káńtì, ìyẹn àwọn àgbègbè tí wọ́n pín ìpínlẹ̀ sí, tí àrùn náà kéré sí jù ní Amẹ́ríkà, ìgbèríko tí èèyàn kò pọ̀ sí ni wọ́n. Ó rọrùn láti sọ pé afẹ́fẹ́ ìgbèríko ló mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún wo àwọn káńtì tí àrùn náà ti pọ̀ jù, ìgbèríko tí èèyàn kò pọ̀ sí náà ni. Èèyàn tó kéré níye ló ń ti nọ́ńbà lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Thomas Kane àti Douglas Staiger fi èsì ilé ìwé North Carolina hàn ní ọdún 2002 pé bó ṣe rí náà nìyẹn pẹ̀lú ilé ìwé: àwọn kéékèèké ló pọ̀ lókè pátápátá, àwọn ni wọ́n tún pọ̀ nísàlẹ̀ pátápátá.

Àṣìṣe yìí ti gba owó ńlá lọ́wọ́ àwọn tó gbọ́n. Àjọ Gates rí i pé ilé ìwé kékeré pọ̀ láàárín àwọn tó ń ṣe dáadáa, wọ́n sì ná owó rẹpẹtẹ láti dá ilé ìwé girama kéékèèké sílẹ̀ àti láti pín àwọn ńlá sí wẹ́wẹ́. Nínú lẹ́tà tí Bill Gates kọ ní ọdún 2009, ó sọ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mú kí èsì àwọn ọmọ gbé pẹ́ẹ́lí tó bó ṣe yẹ. Mo gbà pé èrò rere ló wà nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n òkè nìkan ni wọ́n wò.

Kí ni ìyá tàbí bàbá tó fẹ́ kó lọ sí ìlú kékeré lè ṣe? Ẹ má ka ọdún kan. Ẹ kó ọdún mẹ́ta jọ, kí ẹ ka iye ọmọ tó ṣe ìdánwò àti iye tó yege, kí ẹ sì pín in fúnra yín. Bí ọmọ 24 bá di 72, àlàfo 64 sí 96 yẹn á sún mọ́ra di nǹkan bíi 71 sí 89. Ọdún márùn-ún tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èsì ọdún tó ti kọjá wà lórí ìkànnì ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí ESSA fi dandan lé e pé kí wọ́n máa gbé káàdì èsì ilé ìwé jáde fún aráyé rí.

Iye àwọn tó gba ìwé ẹ̀rí ní àlàyé tirẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Tẹ́lẹ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣírò rẹ̀ bó ṣe wù ú. Òfin kan ní ọdún 2008 mú kí gbogbo wọn máa lo ọ̀nà kan náà, èsì àkọ́kọ́ lábẹ́ rẹ̀ sì jáde fún sáà 2010 sí 2011: ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní sáà 2021 sí 2022, ó ti di 87. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á ka àwọn ọmọ tó jọ bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kẹsàn-án. Wọ́n á fi àwọn tó wá bá wọn láti ibòmíràn kún un. Wọ́n á yọ ẹni tó kú, ẹni tó kúrò lórílẹ̀-èdè, àti ẹni tó lọ sí ilé ìwé mìíràn tí ìwé sì wà tó fi hàn pé ó lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wo iye tó gba ìwé ẹ̀rí láàárín ọdún mẹ́rin.

Ẹ wo àwọn tó ń jábọ́ nínú ìṣirò yẹn. Ìdílé kan kó kúrò ní ìlú lóru nítorí iṣẹ́ tán ní ilé iṣẹ́ ẹran, ilé ìwé tuntun kò sì kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ ọmọ wọn: wọ́n á kà á sí ẹni tó pa ilé ìwé tì. Ọmọ kan ní ìpèníjà ara, ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì ní kó wà nílé ìwé títí á fi pé ọdún mọ́kànlélógún: kò parí lásìkò. Ọmọbìnrin kan bímọ, ó padà wá, ó sì parí ní ọdún karùn-ún: kò parí lásìkò. Ọmọ mìíràn jáde, ó ṣe GED, ìdánwò tí ẹni tí kò parí girama lè ṣe dípò rẹ̀, ó sì yege: wọn kò kà á mọ́ àwọn tó gba ìwé ẹ̀rí. Bí mẹ́ta nínú ọmọ 24 bá ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ilé ìwé náà ti bọ́ sí 87.5. Ní ilé ìwé tó ní 600, ọmọ mẹ́ta kan náà kò mú ju ìdajì ìdá kan lọ. Ní ìlú tí iṣẹ́ oko, iṣẹ́ epo tàbí ilé ìpẹran ti ń gbé èèyàn wá tó sì ń gbé wọn lọ, ọmọ mẹ́ta kò tó nǹkan rárá.

Àwọn tó ṣe òfin mọ̀ nípa èyí. ESSA ní kí ìpínlẹ̀ dárúkọ ilé ìwé girama èyíkéyìí tí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọmọ rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò bá gba ìwé ẹ̀rí, kí wọ́n lè ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó fi àyè sílẹ̀ fún èyí tí àpapọ̀ ọmọ inú rẹ̀ kò tó 100.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa gan-an. Bí àwọn ọmọ tó wà nínú ọ̀wọ́ kan bá kéré jù, ìpínlẹ̀ kì í gbé èsì wọn jáde. Ìràwọ̀ tàbí ilà fífà lásán ni ẹ máa rí níbi tó yẹ kí nọ́ńbà wà. Wọ́n ń dáàbò bo àṣírí ọmọ, nítorí bí ọmọ dúdú méjì péré bá wà ní kíláàsì, ẹni tó bá ka èsì ọ̀wọ́ wọn ti ka èsì ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé òbí tó jẹ́ ọmọ Yorùbá, tó ń wá bí nǹkan ṣe rí fún àwọn ọmọ tó dà bíi tirẹ̀ níbẹ̀, kò ní rí nǹkan kan lórí ìkànnì. Ẹnu ló máa fi béèrè. Bóyá wọ́n ń dá ọmọ dúdú dúró sílé ju àwọn yòókù lọ, bóyá wọ́n ń gbà wọ́n sí kíláàsì tó le, bóyá olùkọ́ kan tilẹ̀ wà tó lè pe orúkọ wọn dáadáa: kò sí káàdì èsì tó máa sọ ìyẹn.

Ohun tí ọmọ gbé wá láti ilé

Ní ọdún 1966, James Coleman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde fún ìjọba Amẹ́ríkà, lórí ọmọ tó ju ìdajì mílíọ̀nù lọ. Ọ̀pọ̀ ló rò pé wọ́n á rí i pé ilé ìwé tí wọ́n kọ́ dáadáa àti ìwé tó pọ̀ níbẹ̀ ló ń ya ọmọ tó yege sọ́tọ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé ilé tí ọmọ ti wá wúwo jù wọ́n lọ nínú ìyàtọ̀ tó wà láàárín máàkì àwọn ọmọ. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí ilé ìwé ṣe lágbára tó, ṣùgbọ́n pé ilé wúwo, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Nítorí náà, ìpíndọ́gba máàkì ilé ìwé kan ń sọ fún yín, ní apá tó pọ̀, irú àwọn tó ń gbé ìlú náà: bí owó ṣe ń wọlé fún wọn, bí àwọn òbí ṣe kàwé tó. Bí ilé iṣẹ́ tó ń bọ́ ìlú kan bá ti kógbá sílé, tí àwọn tó kàwé sì ti lọ, máàkì á lọ sílẹ̀ bí àwọn olùkọ́ tilẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ takuntakun.

Sean Reardon àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stanford kó èsì ìdánwò láti gbogbo orílẹ̀-èdè jọ, wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn láti wò. Wọ́n ya nǹkan méjì sọ́tọ̀: ibi tí máàkì àwọn ọmọ dé, àti bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ síwájú láti kíláàsì kan dé èkejì. Ibi tí máàkì dé ń tẹ̀ lé owó àwọn òbí gírígírí. Ìtẹ̀síwájú kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn àgbègbè aláìní kan wà tí ọmọ ti ń kọ́ nǹkan púpọ̀ lọ́dún, àwọn àgbègbè olówó kan sì wà tí ọmọ ti ń dé pẹ̀lú máàkì ńlá tí wọn kò sì kọ́ tó bó ṣe yẹ. Èyí ni nọ́ńbà tí èmi máa kọ́kọ́ wá bí mo bá ní ọmọ tí mo fẹ́ fi sílé ìwé, nítorí ọmọ mi á gbé ilé rẹ̀ dání wá. Iṣẹ́ tí ilé ìwé máa fi kún un ni mo fẹ́ mọ̀. Àwọn èsì yìí kò kọjá kíláàsì kẹta sí ìkẹjọ, nítorí náà ti ilé ìwé tó ń kó ọmọ wá sí girama ni ẹ máa rí níbẹ̀. Púpọ̀ nínú ìpínlẹ̀ náà ń ṣírò ìtẹ̀síwájú tiwọn. Níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹ rántí ọmọ 24: ìtẹ̀síwájú náà lè fò sókè sódò.

Àwọn òbí kan máa ń wo iye ọmọ tó ń jẹun ọ̀fẹ́ láti mọ bí òṣì ṣe pọ̀ tó. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ìyẹn. Òfin kan ní ọdún 2010 fún ilé ìwé tí aláìní pọ̀ sí ní àyè láti bọ́ gbogbo ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́ láìbéèrè owó tó ń wọlé fún òbí, ìjọba sì tún fẹ àyè yẹn lójú ní ọdún 2023. Bí ẹ bá rí 100 nínú ọgọ́rùn-ún, ó lè jẹ́ pé ọmọ bàbá olóko ńlá náà wà nínú wọn.

Ohun tí ilé ìwé kékeré kò ní lóòótọ́

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ohun tí mo ti kọ bọ̀ kó sì rò pé gbogbo ilé ìwé ìgbèríko ló dára, tí ìṣirò nìkan ń bà wọ́n lórúkọ jẹ́. Àwọn ìṣòro kan wà tó jẹ́ ti ìgbèríko ní tòótọ́, èyí tó sì ń dùn mí jù ni ti olùkọ́.

Ní ilé ìwé tó ní ọmọ 100, olùkọ́ ìṣirò lè jẹ́ ẹnì kan tàbí méjì. Bí ó bá jẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́, ọmọ yín á ní i fún ọdún mẹ́rin, á mọ ibi tí ọmọ náà ti ń kọsẹ̀, kò sì sí ilé ìwé ńlá tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Bí kò bá mọ iṣẹ́, ọmọ yín á ní i fún ọdún mẹ́rin náà. Kò sí kíláàsì mìíràn tí wọ́n lè gbé e lọ. Bí olùkọ́ náà bá fẹ̀yìn tì ní oṣù Karùn-ún, ó lè má sí ẹni tó máa gba ipò rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, kí wọ́n sì fi ẹlòmíràn dí i tàbí kí wọ́n gbé kíláàsì náà sórí kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan náà lè máa kọ́ báyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì. Ilé ìwé mìíràn kò ní físíìsì rárá, kò sì ní Calculus, ìyẹn ìṣirò tó ga. Fún ọmọ tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ tàbí iṣẹ́ ìṣègùn, èyí wúwo ju máàkì 4 lọ, síbẹ̀ máàkì 4 lè má sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ló wà nídìí rẹ̀ ní apá kan. Apá ńlá nínú owó ilé ìwé Amẹ́ríkà ń wá láti inú owó orí ilé àti ilẹ̀ àwọn ará ìlú náà fúnra wọn, ìpínlẹ̀ á sì fi tirẹ̀ kún un. Ìlú tí ilé rẹ̀ kò níye lórí á rí owó tó kéré. Ní ọdún 1973, àwọn òbí láti San Antonio gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin sì dá wọn lẹ́bi: wọ́n ní ìwé òfin orílẹ̀-èdè kò ka ẹ̀kọ́ mọ́ àwọn ẹ̀tọ́ tó jẹ́ ìpìlẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń jà á, ohun tí ọmọ ń rí gbà sì yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Ẹ tún lè bá a pé ọjọ́ mẹ́rin péré ni wọ́n ń lọ sílé ìwé lọ́sẹ̀. Ní Colorado, ó ju ìdajì àwọn àgbègbè ètò ẹ̀kọ́ lọ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìgbèríko ló sì pọ̀ nínú wọn. Wọ́n ń fi í wá olùkọ́, wọ́n sì ń fi í dín owó bọ́ọ̀sì kù. Òbí tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ Ẹtì gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó kó dé.

Nítorí ọ̀rọ̀ kíláàsì tó le yìí náà ni ẹ kò ṣe gbọ́dọ̀ gba àwọn ètò tó ń to ilé ìwé léra wọn gbọ́ pátápátá. U.S. News, fún àpẹẹrẹ, ń wo iye ọmọ tó ń ṣe ìdánwò AP, ìyẹn kíláàsì tó jọ ti yunifásítì. Ilé ìwé kékeré tí kò lè rí olùkọ́ AP máa ń ṣètò pẹ̀lú kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà nítòsí, kí ọmọ máa gba máàkì kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà tó ṣì wà ní girama. Ọmọ lè parí pẹ̀lú ẹ̀kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ọdún kan lápò, kí ilé ìwé rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ lórí àtẹ náà. Bákan náà ni ìpíndọ́gba SAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì. Ní Michigan àti Connecticut, gbogbo ọmọ kíláàsì kọkànlá ló ń ṣe é, àtẹni tó fẹ́ lọ sí yunifásítì àtẹni tó fẹ́ lọ tún mọ́tò ṣe. Ní ìpínlẹ̀ mìíràn, àwọn tó fẹ́ wọ yunifásítì nìkan ló ń san owó rẹ̀. Ẹ kò lè fi èkíní wé èkejì.

Ohun kan tún wà táwọn òbí wa gbọ́dọ̀ mọ̀. Àwọn ọmọ ìgbèríko ń gba ìwé ẹ̀rí girama ju àwọn ọmọ ìlú ńlá lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì nínú wọn kéré sí ti ìlú ńlá. Ọ̀nà jìn, owó ń wọ́n, iṣẹ́ wà nílé fún àwọn kan. Kò sọ pé ọmọ yín kò ní lọ. Ó sọ pé olùdámọ̀ràn ilé ìwé náà lè má tíì ran ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ láti kọ̀wé sí yunifásítì tó jìnnà, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń kún FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè owó ìrànwọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́wọ́ ìjọba, àti ìgbà tí wọ́n ń tì í.

Tí ẹ bá dé ibẹ̀

Ẹ pe ilé ìwé náà kí ẹ tó fọwọ́ sí iṣẹ́. Ní ìlú kékeré, ọ̀gá ilé ìwé fúnra rẹ̀ lè gbé fóònù. Ẹ béèrè iye ọmọ tó jáde lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn àti ibi tí wọ́n lọ. Ní ilé ìwé tí ọmọ 24 ti ń jáde, ó yẹ kí ẹnì kan mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà. Ẹ béèrè iye ọmọ tó ń pa ilé ìwé jẹ ju ìdá mẹ́wàá ọjọ́ lọ, nítorí ìyẹn wà nínú káàdì èsì ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ó sì sábà máa ń fi ìṣòro hàn kí máàkì tó fi í hàn. Ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ìlú, tí àwọn ará ìlú sábà máa ń dìbò yàn, ń ṣèpàdé ní gbangba, ìwé ìpàdé wọn sì máa ń wà lórí ìkànnì. Ẹ ka ti ọdún kan. Ẹ máa rí bí olùkọ́ mélòó ṣe kọ̀wé fipò sílẹ̀, ẹ máa rí ohun tí wọ́n ń jà lé lórí.

Bí èsì ọdún márùn-ún bá sì wà nísàlẹ̀ látòkè délẹ̀, tí ìtẹ̀síwájú náà kéré, tí olùkọ́ ń wọlé tí wọ́n ń jáde, kò sí ìṣirò tó máa gbà á là. Ilé ìwé náà wà nínú ìṣòro, ó sì yẹ kí ẹ ronú dáadáa lórí iṣẹ́ náà, tàbí kí ẹ wo ìlú tó wà ní ọgbọ̀n máìlì sí i. Àwọn ìpínlẹ̀ kan gba ọmọ láyè láti lọ sí ilé ìwé àgbègbè mìíràn bí àyè bá wà níbẹ̀.

Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí ọ̀gá ilé ìwé sọ fún yín, láti kíláàsì kẹsàn-án dé ìkejìlá, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì tí ọmọ yín máa ṣe lọ́dọọdún, orúkọ ẹni tó máa kọ́ ọ, àti ẹni tó máa dí i bí ẹni náà bá lọ.